Lọ́ọ̀tì Tí Ẹ Kọ Sílẹ̀ fún Mi

Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Bàbá mi, ọlọ́wọ́ adùn,

Mo kí yín. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ará ọ̀run, nítorí náà ẹ gba "ẹ kú ilé" lọ́wọ́ mi. Màámi náà ní kí n kí yín. Ó ní orúnkún òsì ṣì ń ro òun, àti pé ewúrẹ́ tí ẹ ní kí òun má tà ti bí ìbejì. Ó ní ẹ̀yin lẹ jàre lórí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn, kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má fa ìlà sí i lábẹ́.

Ìjọba ti sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ẹ ò bá wá wo kíláàsì mi ní Ìyìn! Àwọn ọmọ kún inú rẹ̀ bí ẹ̀wà inú àpò. Mẹ́rin ń jókòó lójú fèrèsé, méjì ti gba àga mi, èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni mò ń dúró láti àárọ̀ títí aago fi máa lù. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó máa ń pè mí ní Màmá Àgbà. Mo ti bá a wí títí, kò jáwọ́.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú mi jókòó kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Bàbá mi, kí lẹ ní lọ́kàn tí ẹ fi kọ "lọ́ọ̀tì"?

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe lọ, torí mi ò mọ̀ bóyá ẹ ń rí wa láti ibi tí ẹ wà, tàbí ẹ ti rí wa tán tí ẹ kàn ń fi wá rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ni Màámi ṣí agolo tíì yín, ó bá bébà kan níbẹ̀ tí ẹ ká sí mẹ́rin. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Kò yà wá lẹ́nu. Ọdún mọ́kànlá tí ẹ fi ṣe kúkù fún òyìnbó tó la ọ̀nà mọ́tò ti sọ yín di ẹni tí kì í kọ Yorùbá sílẹ̀ mọ́. Ṣebí Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi kọ "ẹ ti ilẹ̀kùn" sí ẹnu ilé ewúrẹ́, bẹ́ẹ̀ Màámi ò lè kà á, ewúrẹ́ náà ò lè kà á.

Ẹ kọ ọ́ pé ilé jẹ́ ti àwọn ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Délé àti Bọ̀dá Káyọ̀dé. Oko kòkó tó wà lọ́nà Ìjàn, ti àwọn méjèèjì náà ni. Kí ẹnikẹ́ni má yọ Màámi lẹ́nu nínú yàrá rẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni tèmi: kí ọmọbìnrin mi gba lọ́ọ̀tì rẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ tún fa ìlà méjì sábẹ́ orúkọ yín bí ẹni tí kò fẹ́ àríyànjiyàn.

Háà, Bàbá. Àríyànjiyàn tí ẹ ò fẹ́ yẹn, àjẹyó la jẹ ẹ́.

Àbúrò yín, Bàbá Ìjàn, ló wá ṣe olórí ìpàdé ẹbí. Kó tó jókòó dáadáa ló ti sọ pé òun ti rí ẹni tó máa ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé, ibi tí ààrò búrẹ́dì yín wà. Ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan ni, ó fẹ́ máa gbé lọ́rí rẹ̀ síbẹ̀. Ọkùnrin náà ti wá fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ sókè, ó sì gba orí ata Màámi kọjá ní ìṣísẹ̀ kẹsàn-án.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, èmi fẹ́ ilẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ kọ́ ilé kékeré síbẹ̀, kí n máa yan búrẹ́dì ní ọjọ́ Sátidé bí Bàbá ṣe ń ṣe."

Bàbá Ìjàn wò mí bí ẹni pé lọ́rí ni mo ní mo fẹ́ yan. Ó ní, "Ọmọ mi, ùpín obìnrin, ulé ọkọ ló wà."

Mi ò tíì ní ọkọ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé ìpín tèmi wà ní ilé tí a ò tíì mọ ẹni tó kọ́ ọ. Mo bá nawọ́ sí bébà yín. Mo ní bàbá mi kọ nǹkan sílẹ̀ fún mi, kí wọ́n sọ ohun tó jẹ́. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá Káyọ̀dé, akọ̀wé káńsù, fi ìka ti awò ojú rẹ̀ sókè. Ó ní ojoojúmọ́ làwọn ń lo ọ̀rọ̀ náà ní ọ́fíìsì, "púpọ̀" ló túmọ̀ sí.

"Púpọ̀ kí ni?" ni Màámi bi í.

Ó ní ìwé ò sọ. Ó wo yàrá yíká, ó rí àwo tánńganran yín lórí pẹpẹ, ó ní àwo nìyẹn, wọ́n pọ̀, kí n kó wọn.

Bọ̀dá Délé ò gbà. Ẹ mọ ohùn rẹ̀, ohùn káfíńtà, bí ẹni ń kan ìṣó. Ó ní ibi kan ṣoṣo tí òun ti gbọ́ lọ́ọ̀tì láyé òun ni gbàǹjo tí wọ́n ṣe nígbà tí òyìnbó yín ń padà sílé. "Wọ́n to ẹrù jọ ní òkìtì-òkìtì, wọ́n ń pè é ní lọ́ọ̀tì kìíní, lọ́ọ̀tì kejì. Bàbá ra lọ́ọ̀tì kẹrin. Lọ́ọ̀tì kẹrin yẹn ló fún un."

Bàbá mi, ṣé ẹ rántí lọ́ọ̀tì kẹrin? Ọpọ́n ìwẹ̀ onírin tó ń jò, àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, fìtílà tí kò ní gíláàsì, àti páálí kan tó kún fún kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣí ilẹ̀kùn kankan ní gbogbo ilẹ̀ Èkìtì. Ọdún mẹ́fà ló ti wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Inú ọpọ́n náà ni adìẹ ń yé sí. Òun ni wọ́n ní kí n jogún!

Inú bí mi. Mo pe Bọ̀dá Délé ní olójúkòkòrò níwájú gbogbo ẹbí, èmi àbúrò rẹ̀ tó gbé pọ̀n. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀ẹ́rún igi gún.

Nígbà náà ni Bàbá Ìjàn kọjú sí mi. "Ìwọ tíṣà, ìwọ tó o gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù, kí ni bàbá rẹ máa ń pè ní lọ́ọ̀tì?"

Mi ò mọ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, òun náà ni mi ò sì lè sọ fún wọn, ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Ẹ rántí ọjọ́ tí ọ̀gá mi obìnrin wá kí wa? Ẹ gbé tíì kalẹ̀ fún un, ife ò tilẹ̀ dún lórí àwo. Ó yìn yín, ẹ̀yin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi lọ́ọ̀tì parí rẹ̀. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, mo sọ lójú àlejò pé ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ kékeré kan tó yẹ kó ṣáájú lọ́ọ̀tì. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju lẹ́tà kan lọ! Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "O ṣé, tíṣà mi." Láti ọjọ́ náà, ẹ ò sọ Gẹ̀ẹ́sì lójú mi mọ́. Bébà nìkan lẹ ń bá sọ ọ́. Ṣé ó dùn yín tó bẹ́ẹ̀? Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí? Ká ní mo jẹ́ kí ẹ máa sọ ọ́ bó ṣe wù yín ni, ǹ bá mọ ohun tí lọ́ọ̀tì jẹ́ lẹ́nu yín.

Màámi ló gbà mí. Ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń ṣa ẹ̀gúsí.

"Lọ́ọ̀tì?" ó ní. "Mo mọ lọ́ọ̀tì."

Bọ̀dá Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín. "Màámi, Gẹ̀ẹ́sì mà ni o."

"Mo gbọ́. Tí òyìnbó yẹn bá jẹun tán, á sọ fún bàbá yín pé kó máa kó lọ́ọ̀tì lọ. Bàbá yín á sì gbé e délé: adìẹ tó kù, ọbẹ̀, búrẹ́dì, àti ìkòkò fúnra rẹ̀. Kì í ṣẹ́ ohunkóhun kù síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátápátá ni lọ́ọ̀tì."

Ẹ̀rín dá. Gbogbo rẹ̀ pátápátá! Bọ̀dá Káyọ̀dé bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Áṣáà tí Bàbá Ìjàn fẹ́ fà dúró ní agbede-méjì ọwọ́ àti imú. Èmi wo òkè àjà, mo wo ilẹ̀, mo ti ń ro ibi tí màá to àpò kòkó sí.

"Ìyàwó wa," Bàbá Ìjàn sọ jẹ́jẹ́, "ó dà bíi pé ewúrẹ́ yín ń ké."

Màámi jáde lọ wò ó. Kò sí ewúrẹ́ tó ń ké. Wọ́n ní kí ìpàdé tú ká, kí a lọ wá ẹni tó ní díkíṣọ́nárì.

Ẹni tó ní i ní Òkè-Ìlá kò ju Bàbá Tíṣà lọ, ọ̀rẹ́ yín, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ hẹ́dímásítà. Ó dé ní Sátidé kejì, ó fi aṣọ funfun wé ìwé náà, ó gbé e mọ́ àyà bí ìkókó. Ó bu omi wẹ ọwọ́ kó tó ṣí i. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má húkọ́ sí i. Ó wá ń kà á sínú, ètè rẹ̀ ń mì, títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní, "Gbogbo yín lẹ gbà á."

"Báwo?" ni Bàbá Ìjàn wí.

"Ìpín ni. Púpọ̀ ni. Ẹrù gbàǹjo ni. Ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n sọ́tọ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ pátápátá náà ni. Ó tún jẹ́ ohun tí ayé ẹni bá mú wá fún ẹni, ìbáà ṣe ire tàbí ibi."

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo?" Bàbá Ìjàn bínú. "Ó yẹ kí wọ́n mú ẹni tó ṣe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdílé, ó ní baba ńlá. Láyé àtijọ́ lọ́hùn-ún, tí àwọn baba òyìnbó bá fẹ́ pín ilẹ̀, oníkálukú á fá igi pẹlẹbẹ kan, á fi àmì tirẹ̀ sí i. Wọ́n á kó gbogbo igi náà sínú fìlà tàbí ìkòkò, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á fà á yọ. Igi yẹn gan-an ló kọ́kọ́ ń jẹ́ lọ́ọ̀tì. Nígbà tó yá, ohun tí igi bá mú fún ẹni náà di lọ́ọ̀tì, bí ìpín ṣe wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ tó bọ́ sí ẹni lọ́wọ́ di lọ́ọ̀tì. Ohun tí Ọlọ́run gbé ka iwájú ẹni di lọ́ọ̀tì. Òkìtì ẹrù ní gbàǹjo di lọ́ọ̀tì. Òkìtì sì máa ń pọ̀, púpọ̀ bá di lọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá wá gbé òkìtì náà láìṣẹ́kù…"

"Ó kó lọ́ọ̀tì," Màámi bá a parí rẹ̀. Kò lọ wo ewúrẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Bàbá Ìjàn mi orí. "Bí tiwa náà kọ́ nìyẹn? Ohun tí a pín láàárín ara wa, ùpín ni. Ohun tí ẹ̀dá yàn láti ọ̀run, ùpín náà ni. Àṣé ọ̀dọ̀ wa làwọn òyìnbó ti jí i."

Bàbá Tíṣà ní ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìwé wọn ni. Olè á ha kọ ọ́ síbẹ̀?" Ó fa áṣáà rẹ̀ wàyí. "Nínú gbogbo ìtumọ̀ yẹn, èwo ló dàgbà jù?"

"Igi ni."

"Ó tán. A ò ní fi àgbà sílẹ̀ ká máa tẹ̀lé ọmọdé. Ẹ jẹ́ ká fá igi."

Bọ̀dá Káyọ̀dé ní tẹ́tẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wá. Bàbá Tíṣà ní tí àdúrà bá ti ṣáájú, kì í ṣe tẹ́tẹ́ mọ́. Ó gba àdúrà náà, ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá Ìjàn fi ṣe àmín ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó lè parí. Wọ́n wá fẹnu kò pé nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹrù gbàǹjo, àti àwo. Èyí tí mo bá fà ni tèmi. Bí mi ò bá fa ilẹ̀, ọlọ́kọ̀ á wá gbà á lọ́jọ́ Ajé. Màámi ní kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ pátápátá ṣe ìkẹrin. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Káfíńtà kan ṣoṣo ló wà nínú ẹbí, òun náà ni wọ́n rán níṣẹ́. Bọ̀dá Délé lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lódìkejì ọ̀nà, ó fá ìrókò pẹlẹbẹ mẹ́ta. Wọ́n ní kó gbẹ́ àmì agbélébùú sí ti ilẹ̀, òdo sí ti gbàǹjo, ìlà mẹ́ta sí ti àwo. Ó kó wọn bọ̀ nínú fìlà funfun tí ẹ fi ń ṣe kúkù, ó gbé e lékè orí kí ẹnikẹ́ni má yọjú wò ó. Ó ń sọ kíkankíkan pé kí n bá òun fa ọpọ́n ìwẹ̀ o, kí adìẹ lè mọ olówó rẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ fìlà náà, mo dijú. Mo fà á. Mo ṣíjú.

Agbélébùú ni!

Màámi pariwo, ó jó lórí orúnkún tó ń ro ó. Bàbá Ìjàn gba igi náà, ó yí i padà bóyá nǹkan mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. "Igi ti sọ̀rọ̀," ni Bàbá Tíṣà wí, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé. Bọ̀dá Délé pòṣé, ó fa fìlà mọ́ra, ó da igi méjì tó kù sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ láìkí ẹnikẹ́ni. Mo rẹ́rìn-ín sí i lẹ́yìn. Bàbá mi, mo rín in títí ikùn fi dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n yin Bàbá Ìjàn níbi tó yẹ kí n yìn ín. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó dá ọlọ́kọ̀ padà, ó tún fi iṣu ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bá mi mọ ògiri. Mo gbọ́ pé ní Ìjàn, ó ti ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìwé òyìnbó kan wà ní Adó tó jẹ́wọ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti jí ùpín.

Mo fi ìsinmi ilé-ìwé kọ́ ilé náà. Ó ní ògiri, ó ní páànù, ó ku ilẹ̀kùn. Káfíńtà mìíràn wà ní Adó, ṣùgbọ́n kí ni àwọn ènìyàn á wí? Oṣù méjì ni èmi àti Bọ̀dá Délé ò ti sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "káàárọ̀" lọ. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo gbé ìtìjú tà, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Bí mo ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀, ojú mi bọ́ sí ẹsẹ̀ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ìrókò pẹlẹbẹ kan ki ẹsẹ̀ kan kó má baà mì. Àmì agbélébùú wà lára rẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ kejì. Ìrókò pẹlẹbẹ mìíràn. Agbélébùú. Kò sí òdo níbẹ̀, kò sí ìlà mẹ́ta. Ti èmi tí mo fà sì wà nílé lábẹ́ ìrọ̀rí mi.

"Dìde," ó ní. "Àbí o ti sùn?"

"Bọ̀dá, igi wo lẹ fi ki ẹsẹ̀ tábìlì yín yìí?"

"Igi ni. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lo wà. Kí lo rò pé o máa bá níbẹ̀, ẹja?"

"Agbélébùú ló wà lára méjèèjì."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá pákó kan tó ti fá tán. "Ṣé kí n dìde bá àbúrò Bàbá jà ni, èmi àrólé? Kí wọ́n ní bàbá kú, ọmọ ò mọ àgbà mọ́? Igi sọ̀rọ̀, àgbà gbà. Kí lo tún fẹ́?"

Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí olójúkòkòrò tí mo pè é, ẹnu mi ò gbé e jáde, omi ojú ló jáde. Ó ní eruku pákó ni, kí n kúrò níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ sí. Ó wá fi àgbọ̀n júwe igun yàrá. Nǹkan gíga kan dúró níbẹ̀ tó fi àpò bò. Mo ṣí i. Ilẹ̀kùn ni, ó fẹ̀ tó èyí tí ènìyàn méjì lè gbé páànù búrẹ́dì gbà kọjá. Aláǹtakùn ti ta sí apá òkè rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ ṣe èyí?"

"Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ka ìwé Bàbá."

"Bọ̀dá, ẹ ní ẹrù gbàǹjo ni lọ́ọ̀tì!"

Ó dá fífá rẹ̀ dúró. "Èmi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì," ó ní. "Bàbá mi ni mo gbọ́."

Ṣé ó gbọ́ yín dáadáa, Bàbá? Ṣé ilẹ̀ náà lẹ ní lọ́kàn, tàbí ọpọ́n, tàbí àwo? Tí ẹ bá rò pé gbogbo rẹ̀ pátápátá ni, ẹ má sọ fún Màámi. A gbé ilẹ̀kùn náà gba àárín Òkè-Ìlá lọ, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, ó sì ń pariwo jálẹ̀ ọ̀nà pé òun nìkan ló ń gbé e.

Ẹ sùn re, Bàbá mi. Mo fẹ́ràn yín ju bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín lójú ayé lọ.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín kan ṣoṣo.